Àmì Tó Wà Lẹ́rẹ̀kẹ́ Ìyá Ńlá

Itọ́ ni obìnrin náà fi ń jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Bí ẹlòmíràn ti ń fi òógùn ojú wá oúnjẹ òòjọ́, itọ́ ẹnu ni òun fi ń wá tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Àǹtí Onítọ́, tó fi jẹ́ pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ti di ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń rántí tipátipá.

Ilé àwòrán ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ilé gbàǹgbà kan ni, tí wọ́n kó àwòrán àtijọ́ sí, tí àwọn èèyàn máa ń wá dúró níwájú ògiri rẹ̀, tí wọ́n á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí adìyẹ tó fura sí àṣá, tí wọ́n á ní, "Ẹn-ẹ́n, ó ti yé mi," nígbà tí kò yé wọn rárá. Àǹtí Onítọ́ kò sí lára àwọn tó ń gba àlejò. Ẹ̀yìnkùlé ni yàrá iṣẹ́ tirẹ̀ wà, yàrá funfun kan tí fèrèsé rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, nítorí oòrùn a máa jẹ àwọ̀ àwòrán bí ikán ti ń jẹ igi. Àwòrán tó bá ti ṣú dùdù, èyí tó ya, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń bó bí awọ ejò, orí tábìlì rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Á wé òwú díẹ̀ mọ́ orí igi tín-ín-rín, á fi sẹ́nu bí ọmọdé tó ń lá súìtì, á yọ ọ́, á wá rọra yí i lórí àwòrán náà. Yíyí ni o. Ẹni tó bá ń fà á kò yàtọ̀ sí apànìyàn. Ọṣẹ a máa bó ọ̀dà, kẹrosíìnì a máa yọ́ ọ, omi lásán kò sì lágbára tó láti ká ọ̀rá àti èéfín. Ṣùgbọ́n itọ́! Itọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀ díẹ̀, ohun tó sì fi ń yọ́ oúnjẹ lẹ́nu náà ló fi ń yọ́ ìdọ̀tí. Elédùmarè ti pò ó sílẹ̀ sínú ìgò tí kì í fọ́. Òwú tó bá ti dúdú, jíjù nù ni, nítorí ẹni tó bá gbàgbé tó dá a padà sẹ́nu ti tọ́ èéfín àtùpà baba ńlá ẹlòmíràn wò. Ó ti ṣe é rí. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá lá ìdí ìkòkò nílé tí tọkọtaya ti ń jà.

Nítorí itọ́ yìí, kì í jata lọ́jọ́ iṣẹ́, kì í mu kọfí, kì í fẹnu kan ohun dídùn. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì ti mọ̀ pé kò gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ bẹ̀rù, torí pé bí ọkàn rẹ̀ ò bá ti balẹ̀, ẹnu rẹ̀ á gbẹ táútáú, iṣẹ́ á sì dúró síbi tó dúró sí.

"Àǹtí Onítọ́!" ni Káfíńtà tó ń kan férémù nínú yàrá kejì máa ń pariwo wọlé láràárọ̀. "Ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀ lónìí o! Irinṣẹ́ ilé iṣẹ́ lẹ ń fi ṣòfò yẹn."

"Gbé ẹnu ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi," ni òun náà á dá a lóhùn. "Ìwọ tí itọ́ rẹ ń ta sí gbogbo ayé lára tó báyìí, tí kò tíì fọ nǹkan kan mọ́ láti ọdún tó o ti ń sọ̀rọ̀."

Nídìí iṣẹ́ Ìyá Ńlá ni ẹnu náà ti gbẹ pátápátá.

Ìyá Ńlá kì í ṣe èèyàn mọ́, àwòrán ni. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló bí bàbá bàbá Àǹtí Onítọ́. Ayàwòrán kan yà á jókòó lórí àga, tábìlì kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkòkò òdòdó wà lórí tábìlì, ojú Ìyá Ńlá sì le koko bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti wà lórí ògiri nínú pálọ̀ ilé ẹbí, ní òkè tábìlì oúnjẹ. Ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ ni àmì dúdú kan wà, ó rí róbótó, ó tó orí ìṣó.

Àmì yìí ni ẹbí náà fi ń yangàn. Àwọn ẹbí míì ní ọgbọ́n, àwọn míì ní ẹwà, àwọn míì ní gígùn. Àwọn tiwọn ní àmì. Bí wọ́n bá bímọ, kí wọ́n tó bèèrè bóyá akọ ni tàbí abo, wọ́n á ti máa tú ọmọ náà wò bí oníbodè tó ń tú ẹrù. Bí kò bá sí lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n á wá a lọ sí ọrùn. Bí kò bá sí lọ́rùn, wọ́n á bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹnì kan ní tirẹ̀ ní gìgísẹ̀, wọ́n ní àmì náà rìnrìn àjò ni. Ẹnì kan ní i ní ìdí, òun ló sì ń yangàn jù, àfi pé kò lè fi ẹ̀rí hàn níwájú àlejò. Ẹni tí kò bá sì rí rárá, tìróò kò wọ́n. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá Àǹtí Onítọ́, ni olórí ẹbí. Àǹtí Àgbà, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti ń fi tìróò ya tirẹ̀ láti ìgbà ọmọge. Gbogbo ayé ló mọ̀, torí pé àmì náà máa ń ṣí kiri: lọ́jọ́ Ajé á wà lẹ́bàá imú, nígbà tó bá fi máa di Jímọ̀ á ti sún mọ́ etí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bí Àǹtí Onítọ́, ara rẹ̀ mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Wọ́n wá àmì títí, wọ́n tan iná sí i, wọ́n yí i padà, wọ́n tún un yí. Wọ́n wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fi tìróò díẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, kí ọ̀rọ̀ tán ńlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní kọ irọ́ sára ọmọ òun.

"Ẹ ò rí i?" ni Àǹtí Àgbà wí nígbà náà. "Bó ṣe mọ ohun tó ṣe ni kò jẹ́ kó lè purọ́!"

Bàbá ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ òun ni, imú rẹ̀ nìkan ti tó ẹ̀rí. Níwọ̀n ìgbà tó wà láàyè, kò sẹ́ni tó gbin. Ó kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà kò ti kan ilé wọn mọ́. Bí ẹbí bá pé jọ, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni ìyá àti ọmọ ń jókòó sí, nídìí bàtà àwọn tó wọlé. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, oní-fọ́tò á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí yẹn, ẹ ṣì sún díẹ̀," wọ́n á sì máa sún títí wọ́n á fi sún kúrò nínú fọ́tò. "Ọmọ ìyàwó wa" ni wọ́n ń pè é. Wọn kò pè é ní "ọmọ wa" rí.

Àǹtí Onítọ́ ti ní ọkọ, ó ti ní ọmọ, ó níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ fọ́tò kò dùn ún mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìyá rẹ̀ ti darúgbó, ó sì wù ú kí ìyá náà jókòó lórí àga gidi nínú ilé yẹn, lẹ́ẹ̀kan péré, kó tó lọ.

Òjò ló gbé Ìyá Ńlá dé. Òrùlé ilé ẹbí jò, omi sì fa ìlà gba ojú àwòrán náà. Bàbá Àgbà gbé e wá sílé àwòrán nínú mọ́tò, Àǹtí Àgbà gbá a mọ́ra lẹ́yìn bí ẹni gbé aláìsàn. Orí ilẹ̀ ẹbí yìí ni wọ́n kọ́ ilé àwòrán sí, nítorí náà Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tẹ̀ ba débi pé bí ilẹ̀ ò bá mọ́ tẹ́lẹ̀, iwájú orí rẹ̀ ìbá ti gbá a.

"Òjò ti fojú Ìyá Ńlá rí màbo," ni Bàbá Àgbà wí. "Ẹ bá wa fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àmì yìí," ó na ìka sí i, "ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi àti olúwa ẹ̀ ni."

Àǹtí Àgbà gbójú sókè, ó rí ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun nídìí tábìlì. "Haà! Àbí ọmọ ìyàwó wa kọ́ lèyí? Ẹ fẹ́ gbé ẹran fún ológbò kó bá yín ṣọ́ ọ ni?"

"Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí Àgbà. Ológbò kì í jẹ ọ̀dà mà."

"Ẹnu ẹ yẹn náà nìyẹn!"

"Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́ mà."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ibi tí kò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, ojú èèyàn ló ń kẹ́yìn. Ó mú etí àwòrán, ó mú ògiri ẹ̀yìn, ó mú aṣọ. Aṣọ tí gbogbo ẹbí rò pé ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ilẹ̀ bọ́ sí àwọ̀ ojú ọ̀run. Òwú dúdú kún apẹ̀rẹ̀ tó fi dà bí ẹni pé ẹnì kan ń fá irun àgùntàn dúdú nínú yàrá náà. Nígbà tó yá, ó kan ẹnu Ìyá Ńlá, ó yí òwú kan, ó yí èkejì, ó dúró. Ìyá Ńlá ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín músẹ́ báyìí, bí ẹni tó gbọ́ àwàdà tí kò yẹ kó gbọ́. Ìbínú tí wọ́n ti fi ń dẹ́rù ba ọmọdé láti ìran dé ìran, èéfín àtùpà ni.

Ó ku ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àti ìkòkò òdòdó. Ó sá fún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba ti ìkòkò lọ.

Àmì dúdú mẹ́ta wà lára ìkòkò náà, róbótó róbótó. Láti kékeré ló ti ń rí wọn, gbogbo ẹbí ló ń rí wọn, kò sì sí ẹni tó pe ìkòkò náà ní ẹ̀gbọ́n. Ó fa awò ńlá orí tábìlì rẹ̀ mọ́ra, èyí tó ń sọ èèrà di erin, ó wo ọ̀kan nínú wọn. Kò sí ojú búrọ́ọ̀ṣì lára rẹ̀. Ó ga bí òkìtì kékeré, ó ń dán, àárín rẹ̀ ti sán, orí fáníìṣì, òróró dídán tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà, ló sì jókòó sí bí òkò tó já bọ́ sórí ẹní. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ nǹkan náà bí abiyamọ ti mọ igbe ọmọ rẹ̀. Ìgbẹ́ eṣinṣin ni.

Ó rọra sún awò náà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Ńlá.

Òkìtì kékeré. Ó ń dán. Àárín rẹ̀ ti sán.

Àǹtí Onítọ́ jókòó. Ó dìde, ó tún wò. Eṣinṣin kan, lọ́jọ́ kan, bóyá lẹ́yìn tó ti jẹ àjẹyó lórí tábìlì oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà, fò sókè, ó bà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Ńlá, ó ṣe ohun tí ara ń fẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé òun ti dá ẹbí sílẹ̀.

Ó fi òwú sẹ́nu. Ẹnu gbẹ. Ó mu omi, ó dúró díẹ̀, ó tún fi òwú sẹ́nu. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi òwú sínú iyẹ̀fun. Kì í ṣe ẹbí ló ń bà á lẹ́rù. Bó ti wù ú tó ló ń bà á lẹ́rù. Ta ló wù tó òun pé kí nǹkan yìí jẹ́ ìdọ̀tí? Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kì í dá ẹjọ́ ara rẹ̀, ojú tí ebi ìdáláre bá sì ń pa lè rí eṣinṣin níbi tí eṣinṣin ò sí. Ó bá ké sí Káfíńtà. Kò sọ ohunkóhun fún un, ó kàn fi ìwé funfun bo àwòrán náà, ó dá ihò sí i, kó má baà mọ ibi tó ń wò.

"Kí lo rí?"

"Ìgbẹ́ eṣinṣin."

Ó sún ìwé náà. "Èyí ńkọ́?"

"Ìgbẹ́ eṣinṣin. Ọmọ ìyá ti àkọ́kọ́ ni."

Ó ká ìwé náà kúrò. Káfíńtà rí ibi tí ojú òun wà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń lu ilẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ wálẹ̀.

"Àǹtí, ẹ fi sílẹ̀ o. Wọ́n á lù yín pa."

Ohun kan náà ni Ọ̀gá wí, àfi pé òun ò rẹ́rìn-ín. "Fi sílẹ̀! Eṣinṣin tó ti pẹ́ tó yìí ti di onílé."

"Ọ̀gá, ó ń jẹ fáníìṣì lọ sà. Tó bá yá, á dé ara ọ̀dà, ojú Ìyá Ńlá á sì dá ihò."

"Jẹ́ kó máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí màá fi fẹ̀yìn tì."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó yà sílé ìyá rẹ̀. Ìyá náà ń gán aṣọ nídìí fèrèsé, kò gbójú sókè títí ọmọ fi ro gbogbo ẹjọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀.

"Eṣinṣin," ló wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. "Gbogbo ọjọ́ ayé mi nínú ilé yẹn. Eṣinṣin."

"Màámi, mo lè nù ún kúrò lọ́la."

"Ìwọ kọ́ ni wàá nù ún."

"Iṣẹ́ mi ni, Màámi."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ẹ ni. Bí o bá nù ún, wọ́n á ní ìlara ló nù ún. Á di pé ìyá jí ọmọ bí, ọmọ jí àmì nù. Ẹni tó ní àmì lẹ́rẹ̀kẹ́ ni kó wá fọwọ́ ara ẹ̀ nù ún."

"Bí wọn ò bá gbà ńkọ́?"

"Wọn ò gbà mí tẹ́lẹ̀ náà. Èwo ló yí padà ńbẹ̀?" Ó yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀. "Bá mi gbé àtùpà yìí súnmọ́hìn-ín, mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́."

Bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Bàbá Àgbà nìyẹn pé kó wá wo ibi tí iṣẹ́ dé. Ó dé pẹ̀lú Àǹtí Àgbà. Bí Ọ̀gá ti gbúròó mọ́tò wọn, ó ní inú ń run òun, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, kò sì jáde títí ọ̀rọ̀ fi parí.

Bàbá Àgbà dúró síwájú àwòrán. "Ta nìyí?"

"Ìyá Ńlá ni sà."

"Ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ti ń rẹ́rìn-ín tipẹ́ sà. Èéfín ni ò jẹ́ ká rí i."

Bàbá arúgbó náà sún mọ́ ọn, ó sún sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ́ wọ irú ẹ̀rín kan náà. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí," ló wí jẹ́jẹ́. "Bó ṣe máa ń ṣe ẹnu bó bá fẹ́ fún èèyàn ní nǹkan nìyẹn. Ọmọdé ni mí nígbà tó lọ, mo ti gbàgbé."

"Àmì dà?" ni Àǹtí Àgbà bèèrè.

"Ó wà níbẹ̀ mà. Mi ò fọwọ́ kàn án. Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kọ́kọ́ bá mi nu ti ara ìkòkò òdòdó yìí." Ó wé òwú mọ́ igi, ó nà án sí i.

"Kí ni mo máa fi rin ín?"

"Itọ́ sà."

"Itọ́ ta ni?"

"Tiyín sà. Tèmi ti gbẹ láti ọjọ́ tí mo ti rí ohun tí mo rí."

"Èmi olórí ẹbí, kí n máa tutọ́ sára àwòrán." Ṣùgbọ́n ó ti fi í sẹ́nu. Ó yọ ọ́, ó dojú òwú bo àmì náà, ó fẹ́ fà á.

"Ẹ yí i sà! Ẹ má fà á!"

Ó yí i. Dúdú náà rọ̀, ó di pípọ́n, ó wá sára òwú. Àǹtí Onítọ́ ní kó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì ta sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"Kí nìyí?"

"Eṣinṣin ló ṣu ú sà."

"Ìkòkò yìí mà ti rí nǹkan o!" Bàbá Àgbà rẹ́rìn-ín kèékèé, ó wojú Àǹtí Àgbà kí òun náà bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ ìyàwó wọn sún awò ńlá náà síwájú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Ńlá, tó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá Àgbà wò. Ẹ̀rín náà ń kú lọ lẹ́nu rẹ̀ bí iná tí epo rẹ̀ tán. Ó nu awò, ó tún wò. Ó wo ti ìkòkò, ó wo ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa dà sí ti ìkòkò.

"Kí lẹ rí?" ni Àǹtí Àgbà ń wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ̀rọ̀ o!" Ó fi èjìká tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbójú lé awò. Igbe tó ké, ó tó kí àwọn àlejò tó wà níwájú gbà pé àwọn ti rí àwòrán tó yé àwọn. "Ìlara ni! Ó ti lọ fi nǹkan kùn ún!"

"Mi ò tíì kàn án mà. Bẹ́ ẹ ṣe gbé e wá náà ló wà."

"Irọ́ ni!"

"Ó wà bẹ́ẹ̀," ni Bàbá Àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Èmi náà ríran."

Àǹtí Onítọ́ wé òwú tuntun, ó gbé e síwájú bàbá náà. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà. "Àwòrán yín ni sà. Bẹ́ ẹ bá ní kó wà, á wà, á sì máa jẹ ojú wọn lọ. Bẹ́ ẹ bá ní kó lọ, ẹ̀yin lẹ máa nù ún. Èmi ò ní nù ún."

"Bí mo bá nù ún, kí ni mo máa sọ nílé?"

"Mi ò mọ̀ sà. Iṣẹ́ mi ò dé ibẹ̀."

Ọwọ́ Bàbá Àgbà gòkè lọ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí àmì tirẹ̀ wà, èyí tí wọ́n bí i mọ́, tó ti fi ń wọlé tó fi ń jáde láyé. Ó fi ìka pa á, ó tún un pa. Ó wo ẹ̀rín tó wà lẹ́nu Ìyá Ńlá. Ó mú òwú, ó fi sẹ́nu, ó sì yí i, lọ́tẹ̀ yìí kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ó lọ. Kò tilẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Ńlá dán gbinrin, àfi ojú róbótó kan tó funfun díẹ̀, níbi tí eṣinṣin ti jẹ fáníìṣì.

Àǹtí Àgbà bú sẹ́kún, ó fi aṣọ ìnujú nu ojú, nígbà tó fi máa gbé e kúrò, àmì tirẹ̀ ti fà láti ẹ̀gbẹ́ imú dé àgbọ̀n. "Dá a padà!" ló ń wí. "Kì í ṣe pé o mọ iṣẹ́ ni? Yà á padà!"

"Ohun tí ayàwòrán ò yà, mi ò lè bá a yà á mà."

"Àfi ká wá eṣinṣin mìíràn," ni Káfíńtà sọ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì sá kí ojú wọn tó bá a.

Bàbá Àgbà fi òwú dúdú náà sínú àwo ìdọ̀tí. "Ilé ìyá ẹ," ló wí, kò wojú ọmọ náà, "ṣé ibi tó wà náà ló ṣì wà?"

"Ibẹ̀ náà ni sà."

"Mú mi lọ. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́."

Yàrá ìyá náà kéré. Àga méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nídìí fèrèsé, ọ̀kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí bàtà wà. Bí Bàbá Àgbà ti wọlé, ìyá náà dìde, ó na ọwọ́ sí ti ìdí fèrèsé pé kó jókòó. Àgbà náà wo àga méjèèjì, ó wo bàtà. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló jókòó sí, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ìyàwó wa," ló wí. "Eṣinṣin ni."

"Mo ti gbọ́, sà."

"A ò mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀." Ìyá náà ká aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Kì í ṣe àmì ló dùn mí. Àmì ò lẹ́nu. Ẹnu yín ló dùn mí."

Bàbá Àgbà bèèrè omi. Àǹtí Onítọ́ bù ú wá, ó gbé e fún un, ó dúró sáàárín àwọn méjèèjì, kò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí. Bàbá Àgbà mu omi náà tán pátápátá, bí ẹni pé ó ń wá ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ife.

"Lọ́jọ́ Àìkú," ló wí nígbẹ̀yìn, "a ó gbé Ìyá Ńlá padà sórí ògiri. Gbogbo ẹbí máa wá. Mo fẹ́ kí ìwọ náà wá. Ìwọ àti ọmọ wa."

Ó ti sọ ọ́ tán kí òun fúnra rẹ̀ tó gbọ́ ohun tó sọ. Ìyá náà gbọ́ ọ. Ó fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Kí n wá jókòó síbo?"

Bàbá Àgbà wúkọ́. "Síbi tó bá wù ọ́."

"Abẹ́ Ìyá Ńlá gan-an ni n ó jókòó sí," ni ìyá náà wí, "lórí àga tó ní apá. N ó mú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, kí n lè máa bá yín lé eṣinṣin."

Àǹtí Onítọ́ gbé itọ́ mì. Ó ti kún ẹnu rẹ̀.